Ìyàwó Tí Abúlé Kò Kí Mọ́

Kọ ọ́ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tó bá dùn mọ́ mi ni mo máa ń tún sọ.

Iṣẹ́ ìyá rẹ, ìyẹn ọmọ mi obìnrin, ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí iṣẹ́ náà ṣe fún ìyàwó ilé wa. Nígbà tí mo ṣì ń yan ẹja ní etí odò, lẹ́bàá Ọjà Àtijọ́ ní Lọ́kọ́ja, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ni ọmọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Felele. Mo máa ń sọ pé kòkòrò ni. Obìnrin Núpé kan tí a jọ ń lo ààrò kan náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá, gbogbo ìwé tí ọmọ yín kà yẹn, kòkòrò náà ni? Ẹ ní kó máa bọ̀ nílé mi. Aáyán tó wà níbẹ̀ á sọ ọ́ di ọ̀gá àgbà!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo bi ọmọ mi léèrè dáadáa. Ó ní kì í ṣe kòkòrò tí ń rìn lára ògiri. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ó kéré débi pé ojú kankan kò lè rí i. Kì í jẹun, kì í mí, kò sì lè bímọ níbikíbi àfi nínú ara ẹni tó bá wọ̀.

Mo ní, "Àna tó wá kí ni, tí kò lọ mọ́, nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí èéfín ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú mi jẹ́, ó kó mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Lokongoma, ní Lọ́kọ́ja kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an. Kí ó tó lọ kọ́ni láàárọ̀, á dúró ní pálọ̀, á máa bá àwọn àga sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn ló jókòó sórí wọn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Èmi tí mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná á dáhùn pé, "À ń gbọ́, tísà!" Á ní kí n má pa òun lẹ́rìn-ín, òun ń pẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ohun tí ó fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn ni ìdí tí àìsàn kan fi máa ń wọ ilé, tí á mú ẹnì kan lọ, tí á sì fi ẹnì kejì tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan náà sílẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Ilé bàbá mi ló ti wá.

Abúlé wa wà ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, kò jìnnà sí Lọ́kọ́ja. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, nígbà tí wọ́n ti sun igbó tán, tí èkúté sá láti inú igbó wọ ilé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dùbúlẹ̀ àìsàn. A rò pé ibà lásán ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, lẹ́yìn ọmọ náà ni ìyàwó ọmọ. Gbogbo wọn ló lọ kí òjò tó rọ̀. Ẹni tó tọ́jú wọn, tó fọ aṣọ wọn, tó nu èébì wọn, tó wẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n kú, ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ibà mú òun náà fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó sì gbé ìkòkò kaná.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó wá láti ìlú sọ lẹ́yìn náà pé ibà Lásà ni, èyí tí ìtọ̀ èkúté máa ń kó bá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n abúlé ti sọ tiwọn kí nọ́ọ̀sì tó dé. Olórí agbolé wa, bàbá kan tó máa ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ló sọ ọ́ ní ibi ìsìnkú tó kẹ́yìn. Ó ní, "Ẹni tó wẹ gbogbo òkú, tí ẹnikẹ́ni kò wẹ òkú tirẹ̀, ẹni náà mọ nǹkan." Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ènìyàn ti ń pe ìyàwó ilé wa ní àjẹ́.

Wọn kò lé e. Wọn kò fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Wọn kò kí i mọ́ ni.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè sọ pé, ṣé ìyẹn nìkan? Kí ó ronú wò. Àwa tí wọ́n ń fi ìkíni pe orúkọ wa! Òkun ni à ń kí ara wa láàárọ̀, Òkun ni à ń kí ara wa lálẹ́, Òkun náà sì ni àwọn ará ibòmíràn fi ń pè wá. Ẹni tí wọn kò bá kí ní Òkun láàárín wa, kí ni orúkọ rẹ̀ kù? Mo ti rí i tí ó lọ sí odò, tí ó bá obìnrin bíi mélòó kan níbẹ̀, tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú omi bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo máa ń lọ kí i. Ọkọ mi ni ó ń pè mí, nítorí ọmọ ilé ni mí, wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó mi ni èmi náà ń pè é.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má máa wá léraléra o. Wọ́n á ní mò ń kọ́ yín."

Mo ní, "Kọ́ mi kẹ̀! Orí tí kò gba ABD, ṣé àjẹ́ ni á gbà?"

A rẹ́rìn-ín, a sì jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dìde láti lọ, á sìn mí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan, kò ní kọjá ibẹ̀.

Ọmọ mi wá síbi ìsìnkú tó kẹ́yìn náà, ó sì rí gbogbo rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà sí Felele, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ibà Lásà bí ẹni tí ebi ìwé ń pa. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó jókòó tì mí ní Lokongoma, ó ní, "Ìyá, mo fẹ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní abúlé. Ẹni tó bá ti bá fáírọ́ọ̀sì yẹn jà, tó sì ṣẹ́gun, àmì ìjà náà máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Mo rò pé ó wà lára ìyàwó yín."

Mo ní, "Gba tirẹ̀ lọ́la, kí o wá fi hàn wọ́n."

"Bí mo bá gba tirẹ̀ nìkan, wọ́n á ní mo wá bá wọn fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni. Wọ́n á ní, ẹ ò rí i, nǹkan wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo abúlé ni mo nílò, Ìyá. Bí wọ́n bá kọ̀, kò sí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà títí yóò fi kú."

Mo gbọ́ ọ yé. Mi ò sọ fún un pé mi ò sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Ó gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ ní yunifásítì àti ní ìjọba, ó sì lọ bá baálẹ̀. Wọ́n pe àwọn ènìyàn jọ fún un. Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ó dé, ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, gbogbo wọn mi orí, wọ́n sì fún òun ní ọjọ́ tí òun á wá gba ẹ̀jẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní màá bá a lọ.

Lọ́jọ́ náà, a kó sínú bọ́ọ̀sì, èmi, òun, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n gbé kúlà tí omi dídì kún inú rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀. A dé abúlé. Ewúrẹ́ ni ó jáde wá pàdé wa. Ilẹ̀kùn tì káàkiri. Màmá arúgbó kan ṣoṣo la bá tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi.

Mo ní, "Òkun o. Níbo ni gbogbo ayé wà?"

"Òkun. Oko ni wọ́n lọ."

"Baálẹ̀ ńkọ́?"

"Oko."

"Baálẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò lè dé ẹ̀yìnkùlé?"

"Wọ́n gbé e lọ."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì wa. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Níbo lẹ fi àwọn sójà náà sí?"

Ọmọ mi ní, "Sójà wo, Màmá?"

"Sójà tó o ní ò ń bọ̀ wá kó. Ṣé kì í ṣe ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́? O ní ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, o ní o fẹ́ wá wò wọ́n, kí o kà wọ́n. Àwọn ọmọkùnrin wa ní ọmọ ogun tí wọ́n bá ti kà, wọ́n á kó o lọ ni. Èmi dúró nítorí mo mọ̀ pé kò sí sójà kankan nínú tèmi. Àgbẹ̀ pọ́ńbélé ni mí."

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi wò ó. Ó jókòó lórí kúlà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìlera ní rédíò ló máa ń sọ pé "àwọn ọmọ ogun ara" nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa ohun tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni fún ẹni tó wà ní Lokongoma. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa, ọ̀nà oko wọn gba ibi tí sójà ti ń dá ọkọ̀ dúró. Ọmọ ogun tí wọ́n mọ̀ ní ìbọn.

Bí a kò ṣe gba ẹ̀jẹ̀ kankan nìyẹn. A lọ kí ìyàwó mi, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé kí ó sá. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ọmọ mi fà á lọ́wọ́, ó ní kí ó sìn wá dé ìdí bọ́ọ̀sì, ó sì bá wa rìn. Àwọn obìnrin méjì tó ti yọ́ padà láti oko pàdé wa lọ́nà. "Òkun o, Ìyá! Òkun o, tísà!" Wọ́n kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò rí rí. Wọ́n kí awakọ̀. Nígbà tí ojú wọn dé orí ìyàwó mi, ó fò ó bí ènìyàn ṣe ń fo omi ojú ọ̀nà.

Ọmọ mi dúró. Ó wo àwọn obìnrin náà lẹ́yìn títí wọ́n fi yà.

Nínú bọ́ọ̀sì, ojú fèrèsé ni ó ń wò. Mo rò pé ó ń sunkún nínú. A ti ń sún mọ́ ìlú kí ó tó yíjú sí mi.

"Ìyá, bí ẹnì kan bá wọ abúlé tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"À á kí i ni."

"Bí kò bá dáhùn ńkọ́?"

"À á tún kí i. Bí kò bá tún dáhùn, ẹni tó sún mọ́ ọn á pariwo."

"Bí ó bá tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ta ni á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kí i? Láti òkèèrè la ti máa dá a mọ̀."

Ó lu orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Òun náà nìyẹn! Mi ò nílò ọmọ ogun kankan. Ohun tó wà lẹ́nu wọn lójoojúmọ́ ni mo gbójú fò." Láti ibẹ̀ títí a fi dé Felele, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, èmi kò sì rí àyè bọ́ sí i mọ́.

A padà lọ ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mùsùlùmí náà wá. Baálẹ̀ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, olórí agbolé wa jókòó tì í. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn.

Ọ̀kan kígbe pé, "Tísà, ṣé àwọn ọmọ ogun yẹn ti padà sí bárékè?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti dá wọn padà. Wọ́n ní iṣu yín kò tó wọn jẹ."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní ara ènìyàn dà bí abúlé wa yìí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tó la abúlé náà já. Ó ní àwọn tó ń kíni wà lójú ọ̀nà náà tọ̀sán-tòru, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, wọ́n á kí i ní Òkun. Ọmọ ilé á dáhùn bí ọmọ ilé. Fáírọ́ọ̀sì á wọlé, wọ́n á kí i, kò ní mọ ìdáhùn. Nígbà mìíràn, ó ti ba ilé jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura, ẹni tó ni ara náà á sì kú. Nígbà mìíràn, àwọn tó ń kíni yára, wọ́n pariwo, gbogbo abúlé dà jáde, wọ́n sì pa á. Àwọn tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í gbàgbé. Wọ́n á darúgbó lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n á ṣì máa rántí.

"Àwọn tó ń rántí yẹn ni mò ń wá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́, ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe? Bí ẹni tó ń sín ohùn olè jẹ ni, kí àwọn tó ń kíni lè ti mọ̀ ọ́n kí olè fúnra rẹ̀ tó dé. Ìrántí tó bá wà nínú ara bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àjẹsára."

Obìnrin kan ní, "Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní? Ọkọ mi sùn sóko, ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ!"

Ẹ̀rín tún sọ. Ìgbà náà ni olórí agbolé wa fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ọmọ wa. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni olè náà ti jáde ńkọ́?" Kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn, níbi tí ìyàwó mi dúró sí lóun nìkan.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tún bi mí."

Kò sẹ́ni tó mira. Mo rí i pé iṣẹ́ náà fẹ́ tún kú lójú mi. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ nígbà tí ìyàwó mi rìn jáde. Ó gba àárín wọn kọjá, wọ́n ń yà fún un kí aṣọ rẹ̀ má bàa kàn wọ́n, ó sì jókòó síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó na apá. "Gbà á. Ẹ gbà á dáadáa, kí ẹ má tún padà wá ní kò tó."

Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn mi ni màmá tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin mìíràn, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀dọ́ tí ojú ń tì láti dúró. Orí ìjókòó ni wọ́n ti gba ti Baálẹ̀. Ó ku olórí agbolé wa.

Ìyàwó rẹ̀, arúgbó bíi tirẹ̀, tẹ owú mọ́ apá lórí ibi tí wọ́n gún un. Ó ní, "Bàbá, ṣé abẹ́rẹ́ lẹ̀ ń bẹ̀rù ni, àbí ohun tó máa sọ?"

Ó dìde. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀ sí ara igi.

Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ mi ń lọ sí yàrá àyẹ̀wò láàárọ̀, ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ojú pupa. Iná ọba á lọ, wọ́n á sá tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun tún ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé nítorí ilé ìyá òun ni. Mi ò bi í ní nǹkan. Mò ń se oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn dé, ó wọlé ní ọ̀sán gangan, tí kì í wọlé lọ́sàn-án. Ó dì mọ́ mi níwájú ààrò, ó gbé mi kúrò nílẹ̀, èmi tí mo tóbi yìí! Ó ní, "Ìyá, wọ́n pọ̀! Wọ́n pọ̀ gan-an!" Kò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ oníkálukú, àṣírí oníkálukú ni. Mo ní èmi ni mo bí i. Ó ní mi ò bí ẹ̀jẹ̀ wọn.

A padà sí abúlé. Ó jókòó nínú yàrá kan ní ilé-ìwé abúlé, ó ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì jókòó síta. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ jáde. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í. Ó sọ ọ́ sókè pé, "Ó wà lára mi. Ẹ̀jẹ̀ mi bá a jà, ó sì rántí rẹ̀."

Olórí agbolé wa ní, "A kúkú mọ̀."

Ṣùgbọ́n àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹnu wọn sì wúwo. Màmá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ jókòó tì mí, ó ní, "Ó wà lára tèmi náà o. Mo ti pàdé rẹ̀, mi ò mọ̀." Ẹnì kan tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ó wà lára òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó béèrè nípa bárékè ní ó wà lára òun. Ọmọ mi ti ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀pọ̀ ni àìsàn náà máa ń mú bí ibà kékeré, tí ara á sì lé e jáde, kí onítọ̀hún tó mọ orúkọ rẹ̀.

Olórí agbolé wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá, kí ni wọ́n wí?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan lára yín ni, àbí kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?"

Ó dúró. Ó wá ọ̀pá rẹ̀ tì, ó ti gbàgbé rẹ̀ sínú yàrá. Ó ní, "Wọ́n ní èmi náà ti pàdé rẹ̀ rí."

"Ẹ sì yè é?"

"O kò rí mi bí, obìnrin yìí? Mo yè é."

"Ta lẹ jẹ?"

Ọmọ ọmọ mi, bí mo bá gbàgbé ọjọ́ mìíràn láyé mi, mi ò ní gbàgbé yẹn. Ta lẹ jẹ! Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, àwọn ewúrẹ́ sá. Baálẹ̀ fi aṣọ bojú. Àwọn tó ti gbọ́ pé ó wà lára àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn, "Ìwọ ńkọ́, ta lo jẹ?" "Ìyá ọkọ mi ni, kò tilẹ̀ dùn!" Ọmọ mi jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Àjẹsára ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Àjẹsára ló wà lára rẹ̀. Ẹ gé ọ̀rọ̀ náà kúrú ni, ẹ sì fi pe ènìyàn."

Olórí agbolé wa rìn lọ síwájú ìyàwó mi láìsí ọ̀pá. Ó ní, "Òkun o, ìyàwó."

Ìyàwó mi wò ó. Ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Mo ní Òkun o."

"Ọjọ́ ti pẹ́. Etí mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa mọ́."

Bàbá náà gbé ohùn sókè débi pé wọ́n gbọ́ ọ dé odò. "ÒKUN O, ÌYÀWÓ ILÉ WA!"

Ìyàwó mi jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀, ó sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo wọn dà bò ó. Àwọn obìnrin tó ti gbójú fò ó lọ́nà ń já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan ń sunkún. Ọ̀kan gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé, èmi tí mi ò wọ ilé-ìwé rí, mo sì ń pàtẹ́wọ́ lémi nìkan bí aṣiwèrè.

Iṣẹ́ tí ọmọ mi kọ nípa rẹ̀ dé ibi tí èmi kò mọ̀. Wọ́n kà á níta Nàìjíríà. Ní yunifásítì, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin Núpé tí a jọ ń yan ẹja wá kí mi, ó ní, "Ìyá Kòkòrò, a kú oríire o!" Mo sì jẹ́ orúkọ náà.

Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi mú ìyàwó mi àti èmi lọ sí kíláàsì rẹ̀. Yàrá náà tóbi, àwọn ọmọ jókòó láti ilẹ̀ títí dé òkè. Ìyàwó mi ró ìró rẹ̀ tó dára jù, ó di ọwọ́ mi mú. Ọmọ mi ní, "Mo ti kọ́ yín nípa àjẹsára láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyí." Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Ígálà, ọmọ Ẹ̀bìrà, ọmọ Haúsá, ọmọ Núpé, oríṣiríṣi, wọ́n sì kí i ní Òkun, bí ọmọ mi ṣe kọ́ wọn, ẹnu àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbà á dáadáa. Ìyàwó mi ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọmọ mi fi ní kí wọ́n jókòó, kí ilẹ̀ má bàa ṣú.

Wọ́n bi í ní ìbéèrè oríṣiríṣi. Ó ń dáhùn, ọmọ mi ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a máa lọ, ọmọbìnrin kan tó wà níwájú nawọ́ sókè, ó bi í tìtìjú-tìtìjú pé ṣé Màmá lè tún fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kí àwọn náà lè fi kọ́ṣẹ́.

Ìyàwó mi fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kíá, ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Èyí tó kù, mo fẹ́ fi jẹ ayé."